Àbúrò Mi, Má Tíì Ro Ẹ̀yìnkùlé Yẹn

Àbúrò mi, jókòó kí n bá ẹ sọ̀rọ̀ kan tí mi ò fi bẹ́ẹ̀ sọ fún ẹlòmíì. Lọ́dún tí mo kó láti Èkó padà sí Ìsarà, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo wá ọmọkùnrin kan, mo fún un lówó, mo ní kó bá mi ro ẹ̀yìnkùlé. Oṣù karùn-ún ni. Òjò ti rọ̀ dáadáa, koríko ti dé mi lórúnkún, ojú sì ń tì mí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa sọ ládùúgbò pé ará Èkó dé, kò mọ ilé é tọ́jú. Ọmọ náà ṣiṣẹ́, kí n má parọ́. Ó ro ó débi tí ilẹ̀ pupa fi hàn kedere, ó kó ohun tó ro jọ, ó sì dáná sun ún.

Ìrọ̀lẹ́ ni màmá mi yà. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, wọ́n wo ẹ̀yìnkùlé títí, wọ́n ní, "Ta ló kú?"

Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò bá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nàka: ẹ̀bọ̀lọ̀ ti wà níbí, yánrin lọ́hùn-ún, gbúre lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, rinrin nídìí ògiri níbi tí omi òrùlé ti ń kán sílẹ̀, ọ̀dúndún tí ìyá wọn fọwọ́ ara wọn gbìn, ewé eéran lábẹ́ igi obì. Ohun mẹ́sàn-án ni wọ́n dárúkọ. Mo mọ méjì nínú ẹ̀. Mo ti lé lógójì ọdún nígbà náà, mo sì ti kàwé.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kọ́ ohun tó yẹ kí n ti mọ̀ láti kékeré. Mo mọ̀ pé ìwọ náà ti ń wo ẹ̀yìnkùlé rẹ báyìí, o ń ronú àtipe ẹni tó máa ro ó. Fara balẹ̀ ná.

Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, oṣù karùn-ún sí ìkẹfà ni wọ́n máa ń jáde lọ wo ẹyẹ àti òdòdó inú igbó, torí ìgbà yẹn ni òtútù ti kásẹ̀ nílẹ̀, tí oòrùn sì ti dé. Tiwa yàtọ̀. Kì í ṣe oòrùn ló ń jí igbó Rémo, òjò ni. Láti ìgbà àkọ́rọ̀ títí wọ oṣù kẹfà, gbogbo ohun tó ti ń sùn láti ìgbà ọyẹ́ ló ń dìde. Ìgbín tó ti fi awọ funfun dí ẹnu ìkarahun rẹ̀ pa láti inú ẹ̀ẹ̀rùn á já a, á jáde. Ọ̀kùn á máa wọ́ kọjá lójú ọ̀nà. Ó ku ẹni tó máa wò wọ́n.

Àárọ̀ kùtù ni kí o jáde, bí aago mẹ́fà ààbọ̀, pàápàá lọ́jọ́ kejì òjò ńlá. Tó bá ti di aago mẹ́sàn-án, oòrùn ti mú, ọ̀kadà ti ń pariwo, gbogbo ẹyẹ ti wọ inú ewé lọ. Má lọ jìnnà. Ọ̀nà Ìsarà sí Òde Rémo tó, tàbí ẹ̀bá oko obì èyíkéyìí tí o bá mọ olóko rẹ̀. Àwọn bàbá wa gbin gbànja púpọ̀ nílẹ̀ Rémo nítorí owó, àmọ́ ibòòji àwọn igi obì wọ̀nyí ló gba ọ̀pọ̀ ẹyẹ àti ewé là nígbà tí igbó ńlá tán. Mú ìwé kékeré kan dání, kí fóònù rẹ wà nínú àpò. Mo ní kó wà nínú àpò.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gà ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, torí ariwo wọn kò ní jẹ́ kí o ṣìnà. Wá ọ̀pẹ tí imọ̀ rẹ̀ ti ya fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ilé roboto roboto so rọ̀ lára rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn so èso mọ́ ọn. Akọ, ẹni tó ní orí dúdú àti ojú pupa, òun ló ń kọ́lé. Á ya imọ̀ tínínrín tínínrín, á hun ún lọ, hun ún bọ̀. Tó bá parí, á so rọ̀ sábẹ́ ẹnu ọ̀nà, á dorí kodò, á máa gbọn apá, á máa pe ìyàwó. Abo á dé, á wọlé, á wo inú, á tún fi ẹnu fa ibi tí wọ́n hun yẹn wò bóyá ó yi. Tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á kọjá sílé aládùúgbò. Ilé tó bá ti gbẹ láìsí abo tó gbà á, akọ fúnra rẹ̀ ni yóò tú u palẹ̀, tí yóò sì tún tuntun kọ́ síbẹ̀. Àbúrò mi, mo wo eré yìí fún bíi wákàtí kan, mo rántí gbogbo àwa tó wọlé ọkọ láì fa okùn kankan wò.

Wọ́n tún ní ọgbọ́n míì tó wù mí. Ẹyẹ kan wà tó máa ń yọ́ yé ẹyin tirẹ̀ sílé ẹ̀gà, kí wọ́n lè bá a tọ́mọ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọ̀ ẹyin abo ẹ̀gà kọ̀ọ̀kan yàtọ̀: ti ẹnìkan funfun, ti ẹlòmíì dà bí aró tó ṣá, ti ẹlòmíì ní tóótòòtó. Èyí tí ẹnìkan bá ti ń yé náà ni yóò máa yé. Tó bá dé tó rí ẹyin tí kò jọ tirẹ̀, á gbé e sọ nù.

Ẹ̀lúlùú ni ìkejì tí o gbọ́dọ̀ mọ̀. O máa gbọ́ ọ kí o tó rí i. Ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn da kèrègbè omi délẹ̀, tí omi ń dà kùlùkùlù jáde. Ẹyẹ ńlá aláwọ̀ bíi pàǹtí ewé gbígbẹ ni, ìrù rẹ̀ gùn, kì í sì í fò dáadáa. Ńṣe ló máa ń já lu igbó bí ẹni tó fẹsẹ̀ kọ. Ìgbà òjò ni ohùn rẹ̀ máa ń pọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ní òun ló ń pe òjò, tí wọ́n sì tún fi bú u pé ẹ̀lúlùú tó pòjò, orí ara rẹ̀ ló pè é lé. Lóòótọ́, bí òjò bá ti dá, wàá rí i lórí pápá tó na ìyẹ́ méjèèjì síta bí aṣọ tí wọ́n sá.

Kíyè sí ẹni tí kò sí nílé pẹ̀lú. Lékeléke tó kún ẹ̀yìn màlúù ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù bí òjò bá ti ń mú, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ń lọ sí òkè lọ́hùn-ún ní ilẹ̀ Hausa láti lọ pamọ. Àwòdì náà ń lọ. Ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ pé àwòdì ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́ẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá, mo rò pé àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ti dúró wo ojú ọ̀run dáadáa kí wọ́n tó sọ ọ́.

Tí orí bá bá ọ ṣe é, tí o bá rí àlùkò, má ṣe mí. Àwọ̀ tó dà bí osùn tí o rí lápá rẹ̀ nígbà tó fò, kì í ṣe bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tàn sí i lásán. Bàbà ló wà nínú àwọ̀ náà, irú bàbà tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná. Kò sí ẹyẹ míì láyé tó ní irú àwọ̀ yìí àyàfi ìdílé àlùkò. Àwọn baba wa kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò, síbẹ̀ wọ́n ya àlùkò sọ́tọ̀ fún osùn, wọ́n ya agbe sọ́tọ̀ fún aró.

Ká bọ́ sí orí ewé, ibi tí mo ti jẹ̀bi jù.

O mọ patanmọ́. Gbogbo ọmọbìnrin ló mọ̀ ọ́n, torí pé orúkọ rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi kọ́ wa bí a ṣe ń jókòó. Fọwọ́ kàn án, á pa ewé dé. Omi ló ń sá kúrò níbi oríkèé ewé kọ̀ọ̀kan tó fi ń ṣubú bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun tí wọn ò sọ fún wa rèé: lọ́dún 2014, obìnrin onímọ̀ kan ní Australia, Monica Gagliano, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n gbin patanmọ́ sínú ìkòkò, wọ́n ń jẹ́ kí ìkòkò náà já sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ní ọ̀nà tí kò lè pa á lára. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ń padé. Nígbà tó yá, ó rí i pé ewu kò sí, kò padé mọ́. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí oṣù kan, wọ́n tún dán an wò, ó ṣì rántí. Dán an wò pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ nílé, kò ná ẹ ní kọ́bọ̀.

Èyí tó gba gbogbo ẹ̀bá títì Sàápàdé, tó ga ju èèyàn lọ, ewé Akíntọ́lá ni. Ibòmíì wà tó jẹ́ pé ewé Awólọ́wọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ẹgbẹ́ òṣèlú tí bàbá ẹni wà ló máa sọ orúkọ tó máa jẹ́. Níbi tí a wà yìí, tí kò jìnnà sí Ìkẹ́nnẹ́, ìlú Awólọ́wọ̀, má wulẹ̀ bá àgbàlagbà jiyàn lórí ẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ewé náà ti wá. Ní nǹkan bí ọdún 1937 ló wọ Nàìjíríà, ó bá èso igi melina tí wọ́n kó wá láti Ceylon wọlé láìpè é. Ó ń fún àwọn ewé ilẹ̀ wa pa, ìyẹn ni mo fi bínú sí i, ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ bá gé ọ lóko, òun náà ni wọ́n máa rún lé e kí ẹ̀jẹ̀ lè dá.

Ẹ̀bọ̀lọ̀, yánrin, gbúre, wọ̀rọ̀wọ́, odú: ìgbà yìí ni wọ́n máa ń múyé jù. Mo ní ìmọ̀ràn mẹ́ta péré lórí wọn. Èkíní, lọ bá ìyá arúgbó kan, kó fi ewé náà hàn ọ́ nílẹ̀ níbi tó ti ń hù, má ṣe dá a mọ̀ lórí fóònù. Èkejì, má já ewé kankan lẹ́bàá títì tàbí níbi tí koríko ti gbẹ wẹẹrẹ lójú kan nígbà òjò. Igbó kì í dédé pọ́n láàárín oṣù karùn-ún. Oògùn apakoríko ni wọ́n fín síbẹ̀. Ẹ̀kẹta, àwọn onímọ̀ ti rí i pé èròjà kan wà nínú ẹ̀bọ̀lọ̀ tó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ tí ó bá pọ̀ jù lára. Mi ò tìtorí ẹ̀ fi í sílẹ̀ o. Èmi tí mo ń fi ògìrì àti ẹja gbígbẹ sè é! Mo kàn ń jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni, mi ò sọ ọ́ di ọbẹ̀ ojoojúmọ́.

Bí o bá dé ibi tí ewé eéran pọ̀ sí, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Gbogbo wa la mọ ewé rẹ̀ nítorí mọ́ínmọ́ín, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ lábẹ́ pàǹtí ni èso rẹ̀ wà, pupa, onígun mẹ́ta. Ohun tó ń dùn nínú èso yẹn ni wọ́n ń pè ní thaumatin. Ìwọ̀n kan náà tí a bá fi wọn òun àti ṣúgà, ó fi nǹkan bí ìlọ́po ẹgbẹ̀rún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dùn ju ṣúgà, wọ́n sì ń fi í sínú oúnjẹ àti ṣingọ́ọ̀mù nílẹ̀ òkèèrè. Àwa ń gé ewé, a ń tẹ èso mọ́lẹ̀ kọjá. Agbáyun tún wà, òun ò dùn fúnra rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ tí o bá jẹ ẹ́ tán tí o wá mu ọsàn wẹ́wẹ́, wàá rò pé wọ́n fi oyin sí i.

Olú ńkọ́? Olú ọ̀rán máa ń hù lẹ́yìn òjò níbi tí ilé ikán wà nísàlẹ̀, funfun, kéékèèké, bí ẹni da ìrẹsì sílẹ̀. Ikán gan-an ló ń ṣọ̀gbìn rẹ̀ nínú ilẹ̀, òun ni oúnjẹ wọn. Wò ó, ya fọ́tò rẹ̀. Kí o tó jẹ olú èyíkéyìí, ẹni tó ti ń já a láti ọdún pípẹ́ ni kó já a fún ọ. Mi ò ní ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí olú tó ń pani kì í kọ orúkọ sára.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ bá ọ sọ ní ìdákọ́ńkọ́, àwa obìnrin sí obìnrin. Rémo ni a wà. Bí o bá rí igbó kan tí igi rẹ̀ ga ju gbogbo ti àyíká lọ, tí màrìwò wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, dúró síbi tí o wà. Ó lè jẹ́ igbó Orò. Béèrè kí o tó rìn. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀ ní ọjọ́ orí mi yìí, àmọ́ n ó sọ òótọ́: irú igbó bẹ́ẹ̀ ló kù tí ìrókò àti àràbà àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀ yìí. Ẹ̀rù ló dáàbò bò wọ́n. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo náà, hẹ́kítà 75, òrìṣà ló dá a dúró kí UNESCO tó wá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2005. Èmi máa ń dúró lójú títì, mo máa ń wo ẹyẹ tó ń wọlé tó ń jáde. Kò sẹ́ni tó ní kí obìnrin má wòkè.

Ejò. Mo mọ̀ pé òun lò ń dúró dè. Bàtà rọ́bà gígùn, ṣòkòtò, ọ̀pá láti fi lu koríko níwájú. Má ti ọwọ́ bọ ihò, má sì jókòó sórí igi tó ti wó láì yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ejò bu ẹnikẹ́ni ṣán, má fi okùn dì í pinpin, má fi abẹ gbẹ́ ẹ, má fi ẹnu fa á. Kí onítọ̀hún má rìn kiri, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Èmi ò tíì pàdé ju ejò méjì lọ láti ìgbà tí mo ti ń rìn, àwọn méjèèjì ló sá fún mi.

Tí o kò bá lè jí ní kùtùkùtù, alẹ́ wà. Ọjọ́ tí NEPA bá gbé iná lọ lẹ́yìn òjò, má yára tan jẹnẹrétọ̀. Jókòó sí bàráńdà. Kọ̀ǹkọ̀ á bẹ̀rẹ̀, tannátanná á máa tàn, á máa kú lórí koríko. Iná wọn ni wọ́n fi ń pe ara wọn. Ní ìgbà àkọ́rọ̀, esúnsún á tú jáde nínú ilẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Màmá mi ló tún kọ́ mi ní èyí: gbé abọ́ omi sábẹ́ àtùpà kan ṣoṣo, pa gbogbo iná yòókù. Wọ́n á já sínú omi, ìyẹ́ wọn á bọ́, o máa yan wọ́n pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀. Àwọn ọmọ mi tó kọ́kọ́ ní "ẹ̀gbin ni" ló ń já a mọ́ mi lọ́wọ́ báyìí.

Wọlé Ṣóyínká, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà, kọ nípa ìgbà tó máa ń wá síbí lọ́dọ̀ bàbá àgbà rẹ̀ nínú ìwé Aké, tó jáde ní 1981. Mo rántí ẹ̀ torí pé àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ ewé àti ẹyẹ kò yẹ ẹni tó kàwé; ta ló wá kàwé tó ọkùnrin tó kọ̀wé nípa Ìsarà wa yìí?

Tó bá ti mọ́ ẹ lára, tó ò fẹ́ kí ìwé kékeré rẹ wà lásán, àwọn kan wà tó ń ka ẹyẹ Nàìjíríà láti ọdún 2015, Nigeria Bird Atlas Project ni orúkọ iṣẹ́ náà, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹyẹ APLORI tó wà ní Jos sì wà lára àwọn tó gbé e ró. Wọ́n pín gbogbo ilẹ̀ sí ojú kọ̀ọ̀kan tó fẹ̀ tó kìlómítà mẹ́sàn-án sí mẹ́sàn-án. Wàá fi BirdLasser sórí fóònù, wàá rìn ní ojú tìrẹ fún ó kéré tán wákàtí méjì, wàá kọ gbogbo ẹyẹ tí o bá rí àti èyí tí o bá gbọ́. Ìgbà yìí ni fóònù lè jáde nínú àpò.

Ohun tó sì gbé mi dé ìdí ẹ̀ rèé. Ẹ̀gà ní ìbátan kan, ara rẹ̀ dúdú kirikiri, orí àti àyà rẹ̀ pupa bí ẹni da epo sí i. Ọdún 1958 ni Elgood, tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Ìbàdàn, kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ fún ayé, ó sì fi Ìbàdàn sọ ọ́ lórúkọ: Malimbus ibadanensis. Kò sí níbòmíì lágbàáyé àfi nílẹ̀ Yorùbá níbí, láàárín Ìbàdàn, Ifẹ̀, Ìlaròó àti Ìpẹ̀rù. Ìpẹ̀rù tó wà létí wa yìí! Wọ́n ní ó ṣọ̀wọ́n gan-an, àmọ́ ó lè gbé inú igbó kékeré àti oko tí igi ṣì wà nínú ẹ̀. Irú oko obì bàbá wa nìyẹn.

Mi ò tíì rí i. Gbogbo òwúrọ̀ oṣù karùn-ún ni mo ń wòkè. Ìwọ tí ilé rẹ sún mọ́ Ìpẹ̀rù jù mí lọ, jọ̀ọ́, bí o bá rí i ṣáájú mi, má dúró di ọ̀la: pè mí lójú ẹsẹ̀.